Òpó èéfín tí wọ́n fẹ́ wó lẹ́yìn ilé wa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ilé wíwó. Ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá wọlé wà lẹ́yìn ilé wa l'Ékòó, wọ́n sì fẹ́ wó òpó èéfín rẹ̀. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga tó ilé alájà mẹ́wàá, ó sì ti sán láti ìdí dé àárín. Òòlù ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gbẹ́ ìdí rẹ̀ báyìí, wọn ò fi okùn kankan dì í mú, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Mo bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ibi tí àwọn bá fẹ́ ni yóò wó sí. Mo ní kó fi ìwé àṣẹ hàn mí, kò dáhùn. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ò tíì fèsì sí lẹ́tà mi.

Ohun tó ń já mi láyà ni ti Didcot, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejì ọdún 2016, apá kan ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná àtijọ́ ya lulẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń múra àtiwó o. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló kú.

Báwo ló ṣe yẹ kí ilé àti ọ̀nà jìnnà tó sí irú òpó yìí kí wọ́n tó wó o? Ọ́fíìsì wo l'Ékòó ló sì lè dá iṣẹ́ náà dúró kíákíá?