Kírẹ́díìtì yunifásítì láti sẹ́kọ́ńdìrì: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí ní Amẹ́ríkà

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹnìkan ń béèrè bóyá dual credit (kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ń ṣe nígbà tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì) ni kí ọmọ òun ṣe àbí AP (kọ́ọ̀sì sẹ́kọ́ńdìrì tó le, tí ìdánwò ìparí rẹ̀ lè fún ọmọ ní kírẹ́díìtì yunifásítì). Àwọn ìbejì mi mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Táíwò ló ṣe dual credit. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ló ni kọ́ọ̀sì náà. Máàkì tí ọmọ bá gbà ń wọ ìwé èsì sẹ́kọ́ńdìrì, ó tún ń wọ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó kọ́kọ́ ṣe TSI, ìdánwò tí Texas fi ń wò ó bóyá ọmọ ti tó ṣe iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n tó gbà á wọlé, lẹ́yìn náà ló ṣe ENGL 1301 (Gẹ̀ẹ́sì), HIST 1301 (ìtàn) àti GOVT 2305 (ètò ìjọba). Ẹ má fojú kéré àwọn nọ́ńbà yẹn. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ní Texas jọ ń lò wọ́n fún kọ́ọ̀sì kan náà ni, nọ́ńbà kejì ló sì ń sọ iye kírẹ́díìtì: 1301, kírẹ́díìtì 3 nìyẹn. Nígbà tó dé yunifásítì ìjọba, wọ́n gba gbogbo rẹ̀ láìjanpata, torí wọ́n wà lára kírẹ́díìtì 42 tí Texas ní kí gbogbo ẹni tó ń gba digírì àkọ́kọ́ ṣe.

Ẹ̀yin tí owó ń dà láàmú, láti 2023 ni Texas ti ní ètò FAST fún dual credit. Ọmọ tó bá yẹ fún oúnjẹ ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀dínwó oúnjẹ níléèwé kò ní san kọ́bọ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nínú ètò náà. Ẹ má tijú, ẹ béèrè.

Kẹ́hìndé ní tirẹ̀, AP ló wù ú. Ó fi gbogbo ọdún jókòó ní kíláàsì, ó ṣe ìdánwò ní May, èsì dé ní July, láti 1 dé 5. Ìdánwò kan ṣoṣo yẹn ló ń pinnu kírẹ́díìtì. Ọmọ lè gba A ní kíláàsì títí kó wá gba 2 lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí nìyẹn. Òfin 2015 ní Texas sọ pé kí yunifásítì ìjọba máa gba 3 fún ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n yunifásítì aládàáni ni Kẹ́hìndé yàn. Wọ́n ní 5 làwọn ń fẹ́ nínú Calculus. 4 ló gbà. Ó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe, mo sanwó, ó gba A, èmi ni mo bínú jù.

Síbẹ̀ AP ní àǹfààní kan: tí èsì kan kò bá dára, ọmọ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. C inú dual credit ò níbi tó ń lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìjọba Georgia ló sanwó dual credit tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2020 ni wọ́n ti fi gbèdéke kírẹ́díìtì 30 sí i. Inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó jókòó tì mí lọ́mọ méjì nílé. Olùkọ́ kì í rán yín létí iṣẹ́ àṣetiléwá o! Nígbà tí máàkì mi ń lọ sílẹ̀, mọ́mì pe kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ní àyàfi kí n kọ́kọ́ buwọ́ lùwé pé mo gbà kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Mọ́mì ní, "Èmi tí mo bí i?" Mo yáa tètè buwọ́ lù ú.

Bàbá Dókítà Lọ́la, Maryland
Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pe ọmọ yín ní dókítà láti inú oyún, ẹ tẹ́tí. AMCAS, tí wọ́n fi ń wọlé sí iléèwé ìṣègùn, máa ń ka gbogbo máàkì kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ GPA (ìpíndọ́gba máàkì), ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló gbà á. Ọ̀pọ̀ iléèwé ìṣègùn kò sì fẹ́ kí AP dípò bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì. Ọmọ mi obìnrin gba 5 nínú AP Biology, síbẹ̀ kọ́ọ̀sì bàọ́lọ́jì tó ga jùyẹn ni wọ́n ní kó lọ ṣe. Lójú tèmi, Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn ni kí ọmọ bẹ́ẹ̀ fi dual credit ṣe.

Tíṣà, Ìbàdàn
Níhìn-ín, lẹ́yìn WAEC ni tiwa. JUPEB tàbí IJMB lọmọ ń ṣe, á gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, á sì wọlé sí 200 level. Ó wù mí ká ní wọ́n lè ṣe é ní SS3.

Àdùnní, Dallas
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, mà, ta ló ń fi èsì ránṣẹ́ sí yunifásítì? Agbaninímọ̀ràn iléèwé ọmọ mi ní àwọn ti fi tàwọn ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, Houston
Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò tó, àbúrò mi. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fi tiwọn ránṣẹ́ tààrà. Ti AP, College Board, àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà, ni. Wọ́n ń fi ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún tó bá yan yunifásítì kí June 20 tó kọjá. Kí wọ́n sì wò ó bóyá ó jẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní gbèsè kankan, pàápàá ìwé láíbìrì.