Tábìlì sínúkà tó ti gbó: kí la fi ń dí ojú ìpàdé òkúta rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ra tábìlì sínúkà àlòkù kan ní Ṣàgámù. Aṣọ rẹ̀ ti ya, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ti le koko, bọ́ọ̀lù kì í ta padà dáadáa mọ́. Igi kò dà mí láàmú, sáńpépà àti fáníìṣì á yanjú ẹ̀. Òkúta abẹ́ aṣọ ni wàhálà. Mẹ́ta ni wọ́n tò pọ̀, àlàfo sì ti yọ láàárín wọn. Káfíńtà mi ní ká fi ohun tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò dí i. Ẹlòmíì ní ìda oyin ni, torí ó rọrùn láti há kúrò tá a bá fẹ́ tú u. Èwo lẹ ti lò? Ṣé ooru wa yìí kò ní yọ́ ìda náà? Ta ló sì mọ aṣọ sínúkà tẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde? Kì í ṣe àwọn tó ń ṣe àga o!