Pull-up ọlọ́wọ́ kan kò gòkè, ìgbọ̀nwọ́ tún ń dùn mí

Alápá Líle: Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ pull-up ọlọ́wọ́ kan, ìyẹn fífi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ irin kí n sì fa ara gòkè, ti sú mi. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ṣe é, kò sí ọjọ́ ìsinmi, síbẹ̀ àgbọ̀n mi kò kọjá irin rí. Tí mo bá dé ìdajì, ara á yí bìrí, ọwọ́ á já. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ ní push-up ti wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹ̀fun amúnilágbára tí mo fi owó gọbọi rà kò ṣe nǹkan kan. Inú ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tún ń ta mí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi kún un kó tètè gòkè?

Ẹ̀gbọ́n Irin: O ò sọ ìwọ̀n ara rẹ, o ò sì sọ iye tí o lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣe. Ohun tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn. So ẹrù mọ́ ìbàdí, fi ọwọ́ méjèèjì fà á: ṣe mẹ́ta sí márùn-ún tó mọ́ ní séètì kọ̀ọ̀kan (séètì ni iye tí o fà kí o tó sinmi), kí o sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín. Máa fi kìló 2.5 kún un. Ẹni tó bá lè gbé ẹrù tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ti ń sún mọ́ ọlọ́wọ́ kan.

Ọmọ Mókọ́lá: Ẹrù nìkan kọ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ méjì kì í yí ara padà, ọwọ́ kan ló ń yí i. Tówẹ́ẹ̀lì ni kó lò. Fi í kọ́ irin, kí ọwọ́ kan di irin mú, kí èkejì di tówẹ́ẹ̀lì mú níwájú ojú. Bó bá ti ń rọrùn, sọ ọwọ́ tówẹ́ẹ̀lì kalẹ̀ sí àyà, lẹ́yìn náà sí ikùn. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń dín kù.

Ẹ̀gbọ́n Irin: Ta ló máa wọn ohun tí ọwọ́ tówẹ́ẹ̀lì ń fà? Á máa fà púpọ̀ láìmọ̀, ẹni náà á rò pé òun ti lágbára. Tí kò bá fẹ́ so ẹrù mọ́ra, kó fi okùn kọjá lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi kànga, kó so orí kan mọ́ ìbàdí, kó so garawa iyanrìn tó ti wọ̀n mọ́ orí kejì, kó máa ràn án gòkè. Bó bá dín iyanrìn kù, ó mọ iye tó dín.

Ìyá Ìbejì Fisio: Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìgbọ̀nwọ́ ni? Àbúrò, ibo gan-an ló ń dùn? Tí o bá fi ìka tẹ eegun inú ìgbọ̀nwọ́, ṣé ó ń dùn? Ṣé ìka kankan ń kú?

Alápá Líle: Kìló 83 ni mo wọ̀n. Mo lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣe mẹ́jọ. Àmọ́ mo ti rí àwọn tín-ín-rín tó ń ṣe ọlọ́wọ́ kan láìso ẹrù kankan, torí náà mi ò gbà pé ẹrù ni. Irin tánkì omi ilé wa ni mò ń lò, páìpù ínǹṣì méjì.

Ẹ̀gbọ́n Irin: Mẹ́jọ! Fún kìló 83, ẹrù tí mò ń sọ jẹ́ bíi kìló 55. Jìnnà sí ibẹ̀ ni o wà. Páìpù ínǹṣì méjì tún nípọn jù, àtàǹpàkò kò ní bá ìka yòókù pàdé, gbogbo iṣan apá á sì máa fún un pọ̀ kí ọwọ́ má bàa yọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ló ń jẹ ìyà yẹn. Wá ínǹṣì kan.

Ọmọ Mókọ́lá: Kọjú àtẹ́lẹwọ́ sí ara rẹ, yíyí náà á dín kù. Kí o tó tẹ ìgbọ̀nwọ́, kọ́kọ́ fa èjìká sísàlẹ̀, kó má rọ̀ mọ́ etí. Tí o kò bá lè fi ọwọ́ kan rọ̀ báyẹn fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, kò tíì yá.

Ìyá Ìbejì Fisio: Mo ṣì ń dúró de èsì mi.

Alápá Líle: Ẹ má bínú, Mà. Kì í ṣe nǹkan ńlá. Ìka kékeré àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa ń kú lóru, mo máa gbọn ọwọ́ kó tó jí. Mo rò pé mo sùn lé e ni.

Ìyá Ìbejì Fisio: Dá gbogbo pull-up dúró lónìí. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ìka méjèèjì yẹn gba ojú ọ̀nà tóóró lẹ́yìn eegun inú ìgbọ̀nwọ́ kọjá, níbi tó máa ń jó dé ìka téèyàn bá gbá a mọ́ nǹkan. Bí apá bá wà ní títẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń fún iṣan náà. Lóru, wé tówẹ́ẹ̀lì mọ́ ìgbọ̀nwọ́, kó má fún un jù, kí apá má lè tẹ̀ tán. Má fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. Lọ rí fisio, oníṣègùn iṣan àti oríkèé, ní ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ń ṣòro láti yí, tàbí tí ẹran àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ń jó rẹ̀yìn, má dúró dọ̀la.

Ọmọ Mókọ́lá: Ojoojúmọ́ yẹn ló fà á. Ẹran apá máa ń tètè lágbára, iṣan tó so ó mọ́ eegun kì í yára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, pàápàá bó bá ń sọ ara kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Alápá Líle: Mo gbọ́, màá lọ. Ṣùgbọ́n ṣé mo lè máa fi òsì nìkan fà á títí? Mi ò fẹ́ kí agbára lọ.

Ìyá Ìbejì Fisio: Lórí páìpù yẹn, rárá, òsì náà á tẹ̀lé e. Fi òsì ṣe push-up ọlọ́wọ́ kan lórí tábìlì tí kò mì: ẹsẹ̀ yà gbàgà, ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìhà, márùn-ún ní séètì mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí ìbàdí bá ti ń yí, o ti kọjá agbára rẹ, dúró. Ìgbà tí márùn-ún bá mọ́ kedere ni kí o tó kúrò lórí tábìlì lọ ṣe é lórí àga tó relẹ̀ jù ú lọ. Kí ọwọ́ ọ̀tún máa sinmi.