Àbúrò mi fẹ́ di dókítà: ṣé Physiology n'Ìbàdàn ni àbí Microbiology ní LASU?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Ìkòròdú la wà. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ka Medicine, ṣùgbọ́n máàkì JAMB rẹ̀ kì í gbé e débẹ̀. Ó ti wá pinnu pé òun á kọ́kọ́ gba dìgírì sáyẹ́ǹsì ọlọ́dún mẹ́rin, kí òun tó fi Direct Entry (ìyẹn fífi ìwé ẹ̀rí wọlé dípò ìdánwò JAMB) wọ Medicine.

Physiology (ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) ti University of Ibadan wà lábẹ́ College of Medicine wọn, ohun tó ń fà á lọ́kàn nìyẹn. Màmá wa ní LASU ló dáa, pé kò jìnnà sílé. Kò jìnnà kẹ̀! Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti ń ka Microbiology (ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí), ẹni tó bá sì ti há sí Mile 12 lójú ọ̀nà ibẹ̀ rí láàárọ̀ Mọ́ńdè mọ̀ pé kò sí lílọ-bíbọ̀ níbẹ̀. Ìbàdàn gan-an, ọ̀nà Ṣágámù là ń gbà, a ò ní wọ ìgboro Èkó rárá. Ibi yòówù kó lọ, á gba yàrá ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí Medicine ò bá wá bọ́ sí i mọ́ ńkọ́? Oní-Microbiology lè ríṣẹ́ nílé iṣẹ́ oúnjẹ tàbí ti ọtí. Ta ló ń gba oní-Physiology síṣẹ́, yàtọ̀ sí ilé ẹ̀kọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba Direct Entry wọ Medicine, kí lẹ kọ́kọ́ kà? CGPA yín (àpapọ̀ èsì yín ní yunifásítì) ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kó tún JAMB ṣe o, a ti gbọ́ ìyẹn.