Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé “Ọmọ Ọlọ́run” fún Àlájà ilé wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Àlájà tí a jọ ń gbé ilé máa ń fún wa lẹ́ran Iléyá (ẹran wọn kì í kéré!), àwa náà á gbé ìrẹsì Kérésì fún wọn. Wọ́n wá bi mí pé ṣé Ọlọ́run ń bímọ ni, nítorí Súrà 112 ní kò bímọ, a kò sì bí i. Súrà 19 náà sọ pé wúńdíá ló bí Jésù. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, àbí kí n ka Lúùkù 1 fún wọn tààrà? Mi ò fẹ́ bá àgbà jiyàn. Ẹ̀yin tí Mùsùlùmí wà nínú ẹbí yín, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ tí kì í dìjà?