"Pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n" kọ́ ló yẹ ká máa pè é

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó béèrè níbí orúkọ Yorùbá tó yẹ àdéhùn tí ìjọba méjì fi ń gbé ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi kúrò ní ìlú tó ti ṣẹ̀, kó lè lọ parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní ìlú tirẹ̀, ti gbọ́ ìdáhùn mẹ́ta báyìí: pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n, ìdápadà ẹlẹ́wọ̀n, àti ìfàlélọ́wọ́. Pàṣípààrọ̀ ló ń lékè, torí òun ló yá lẹ́nu jù. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ká tètè mú ìfàlélọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó sá fún ìdájọ́ ni wọ́n ń fà lé ìjọba mìíràn lọ́wọ́, kó lè lọ jẹ́jọ́ tàbí kó lọ ṣe ẹ̀wọ̀n tó sá fún. Ọ̀rọ̀ ti wa yìí, ẹjọ́ ti parí, ẹni náà sì ti wà lẹ́wọ̀n.

Pàṣípààrọ̀ ni kí n fún ọ ní tèmi, kí ìwọ náà fún mi ní tìrẹ. Ohun tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 nìyẹn, nígbà tí Brittney Griner, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ọmọ Amẹ́ríkà, lọ sílé, tí Viktor Bout, oníṣòwò ohun ìjà ọmọ Rọ́ṣíà, náà lọ sílé. Ẹ wá wo àdéhùn tí Nàìjíríà àti Bìrìtìkó fọwọ́ sí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní oṣù Kìíní ọdún 2014. Lórí ìwé, ìhà méjèèjì lè gbé ẹlẹ́wọ̀n ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Bìrìtìkó mélòó ló wà lẹ́wọ̀n lọ́dọ̀ wa? Bí ẹrù bá máa rìn, ìhà kan ni yóò gbà, láti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí a bá pe èyí ní pàṣípààrọ̀, àwa fúnra wa la fi ẹnu wa sọ pé ọgbọọgba ni.

Ọ̀ràn owó ló sì mú kí orúkọ yìí dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Boris Johnson, tó jẹ́ mínísítà Bìrìtìkó fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, fi tó ilé aṣòfin wọn létí pé àwọn yóò kọ́ ẹ̀ka oníbẹ́ẹ̀dì 112 sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri l'Ékòó, pé 695,525 pọ́n-ùn ni yóò ná wọn. Ẹ pín in: ó lé díẹ̀ ní 6,200 pọ́n-ùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Owó tí wọ́n ń ná lórí ẹlẹ́wọ̀n kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju 30,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dọọdún. Bó bá ku ọdún márùn-ún fún ẹnì kan, owó ńlá ló bọ́ lọ́rùn àwọn ará ibẹ̀. Oúnjẹ, oògùn àti owó oṣù wọ́dà wá di ti ìjọba wa, lọ́jọ́ gbogbo, nínú ilé tó jẹ́ pé ọdún 2024 ni wọ́n tó fi kún owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n láti 750 náírà sí 1,125 lójúmọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní àhámọ́ wa ni kò tíì gbọ́ ìdájọ́. Jàmáíkà ṣe ìṣirò tirẹ̀: lọ́dún 2015, David Cameron, olórí ìjọba Bìrìtìkó nígbà náà, fi 25 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ̀ wọ́n kí wọ́n fi kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n padà sọ pé àwọn ò ṣe.

Ìdápadà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi etí ìyálọ́jà gbọ́ ọ. "Wọ́n ti dá a padà": ohun tí yóò yé e ni pé ọmọ náà ti wà nílé, pé ó ti bọ́. Kò ní mọ̀ pé láti pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti gbé e tààrà lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n kan níbí ti wá dábàá "ìparí-ẹ̀wọ̀n-nílé" láti fi tún èyí ṣe. Ó dùn létí. Ilé wo, ẹ̀gbọ́n? Ẹni tí wọ́n pọ̀n dé Peckham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí kò gbọ́ Yorùbá, tí ìyá àti ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ta ni yóò máa gbé oúnjẹ lọ wò ó ní Kirikiri?

Ohun tí mo dábàá ni *àdéhùn ìṣínípò ẹlẹ́wọ̀n*. Kò sọ pé ọgbọọgba ni, kò sọ pé ẹni náà ti bọ́, kò sì sọ ibi tó jẹ́ ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ká pín in sí méjì. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní Strasbourg lọ́dún 1983 ní kí ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n tó gbé e: *ìṣínípò àtinúwá* nìyẹn. Ti Nàìjíríà àti Bìrìtìkó kò bi í léèrè: *ìṣínípò àfipáṣe* ni. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀, àwọn àgbà ti wí. Ó yẹ kí orúkọ jẹ́ ká mọ ìgbà tí a fọ́ ọ lórí ẹni tí kò yọ̀ǹda.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní "àfipáṣe" ti ń dá ẹjọ́ kí ògbufọ̀ tó dé. Rárá o. Ìwé ìjọba Bìrìtìkó fúnra rẹ̀ sọ pé tipátipá ni àdéhùn náà, kò fi pa mọ́. Bí a bá wá fi í pa mọ́ nínú Yorùbá, àwa la ṣe ojúsàájú.

Ó ku orúkọ ìjọba méjèèjì. Mo fẹ́ "ìjọba agbéniránṣẹ́" àti "ìjọba agbaniwọlé". Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù, ṣé wọn yóò rọ̀ yín lẹ́nu níwájú adájọ́?