Jẹjẹrẹ àti ṣúgà: iṣẹ́ wo gan-an ni àwọn ẹ́nsáìmù ń ṣe níbẹ̀?

Ọmọ Aláketu (Kétu):
Ẹ kú iṣẹ́ o. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń gbé ṣúgà mì bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ìjẹta, síbẹ̀ agbára tó ń rí níbẹ̀ ò tó nǹkan. Báwo ló ṣe wá ń dàgbà kíákíá? Àwọn kan sì ń ní kí aláìsàn jáwọ́ nínú àkàsà àti iṣu, pé ebi á pa jẹjẹrẹ náà. Ṣé òótọ́ ni?

Ará Àjàṣẹ́:
Tí glúkóòsì (ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) kan bá jóná tán nínú mitochondria (ilé iná sẹ́ẹ̀lì), nǹkan bí ATP (èròjà tó ń gbé agbára fún sẹ́ẹ̀lì) 30 ló ń mú wá. Tó bá parí sí láktéètì (ohun tó ṣẹ́kù bí ṣúgà ò bá jóná tán), 2 péré. Òfò, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ́lé, iná nìkan ò tó o, ó nílò bíríkì. Hexokinase 2, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́nsáìmù (àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yí nǹkan padà nínú sẹ́ẹ̀lì), á lẹ phosphate mọ́ glúkóòsì, kò sì ní lè jáde nínú sẹ́ẹ̀lì mọ́. PKM2, ẹ́nsáìmù tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà, kì í yára, ló bá di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bíi ti orí afárá ọ̀sà wa. Àwọn tó há sẹ́yìn á yà sọ́nà ẹ̀gbẹ́: ribose fún DNA, serine fún prótéènì. LDHA, ẹ́nsáìmù míì, ló ń sọ pyruvate (ohun tí glúkóòsì dà ní ìparí ọ̀nà yìí) di láktéètì kí NAD+ (èròjà tí ọ̀nà náà ò lè ṣe láìsí) lè padà wá. Bí NAD+ bá tán, gbogbo rẹ̀ dúró.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Otto Warburg ará Jámánì, tó kọ́kọ́ rí èyí, rò pé mitochondria ló bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, kò bàjẹ́: ẹ́nsáìmù glutaminase ń fi glutamine (ọ̀kan nínú bíríkì prótéènì) bọ́ ọ.

Ti àkàsà: ẹ má febi pa aláìsàn! Ara á máa tú ẹran ara rẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì fi ṣe glúkóòsì. Aláìsàn ló máa rù. Ààwẹ̀ wákàtí 6 ṣáájú àwòrán PET (èyí tó ń fi ibi tí jẹjẹrẹ wà hàn) ló jọ pé ó ń dà wọ́n lójú rú. Ìyẹn wà kí ínsúlínì má baà mú kí ẹran ara gba oògùn àwòrán náà, tó jọ ṣúgà.

Ọmọ Aláketu:
Kí ló dé tí wọn ò dí hexokinase pa?

Ará Àjàṣẹ́:
Ọpọlọ náà ń lo ẹ̀yà hexokinase tirẹ̀, àbúrò. Oògùn tí ò mọ̀yàtọ̀ á pa tọ̀tún-tòsì. Ẹ́nsáìmù IDH1 tó ti yí padà rọrùn láti dí ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan ló ní in: Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ivosidenib, oògùn tó ń dí i, ní 2018 fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Asparaginase sì wà, ẹ́nsáìmù tí wọ́n ń fún ọmọdé tó ní lùkímíà (jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀). Ó ń jẹ asparagine (bíríkì prótéènì míì) inú ẹ̀jẹ̀ tán. Sẹ́ẹ̀lì lùkímíà ò lè ṣe èyí tó tó fúnra rẹ̀.